Nora Inú Gíláàsì: Bí Mr. Freeze Ṣe Di Ẹni Àánú

Bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀tá Batman bá délẹ̀, Joker ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ jẹ́ ká fi Joker sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí jàre. Mr. Freeze ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò, ọkùnrin tí ara rẹ̀ ò lè gba ooru, tó ń fi ìbọn sọ èèyàn di yìnyín. Ìwé kọ́míìkì ló bí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ló sọ ọ́ lórúkọ, tẹlifíṣọ̀n náà ló fẹ́yàwó fún un, ìwé tó bí i wá ń tọ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn bí ọmọ ẹ̀yìn. Irú èyí ò wọ́pọ̀.

Oṣù kejì ọdún 1959 ló kọ́kọ́ jáde, nínú Batman nọ́ńbà 121. Dave Wood ló kọ ìtàn náà, Sheldon Moldoff ló ya àwòrán rẹ̀, Mr. Zero sì ni wọ́n pe ọ̀daràn ọ̀hún. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ó ń ṣe ìbọn yìnyín lọ́wọ́, iṣẹ́ yíwọ́, ara rẹ̀ bàjẹ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jí òkúta iyebíye. Kò níyàwó, kò sí ẹ̀dùn ọkàn kankan. Nígbà tí ìtàn fẹ́ parí, páìpù kan bẹ́, oru omi gbígbóná fẹ́ sí i lára, ara rẹ̀ yá, ó tán. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé ìgbà yẹn nìyẹn. Ọ̀daràn ọ̀sẹ̀ kan ni.

Ọdún 1966 ni ètò tẹlifíṣọ̀n Batman bẹ̀rẹ̀, ètò aláwọ̀ mèremère tí Adam West ṣe. Ibẹ̀ ni Mr. Zero ti di Mr. Freeze. Láàárín ọdún méjì péré, èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe é: George Sanders, Otto Preminger àti Eli Wallach. Preminger yìí, olùdarí fíìmù ńlá ni, òun ló darí Laura àti Anatomy of a Murder, ó wá kun ara rẹ̀ lọ́dà láti bá àwọn ọmọdé ṣeré. Ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í kà sí: nínú ètò yìí, Batman fúnra rẹ̀ ló da kẹ́míkà sí i lára nígbà tó ń gbìyànjú láti mú un. Ọ̀daràn náà ti wá ní ẹjọ́ láti rò nìyẹn. Nígbà tó di ọdún 1968, ìwé kọ́míìkì náà gba orúkọ tuntun yẹn, ó ń pè é ní Mr. Freeze.

Lẹ́yìn náà ni kátúùnù dé. Ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, Batman: The Animated Series gbé apá kan jáde tí wọ́n pè ní Heart of Ice. Paul Dini ló kọ ọ́, Bruce Timm ló darí rẹ̀, Mike Mignola ló sì ya ìrísí tuntun Freeze, orí kodoro nínú gíláàsì roboto. Nínú ìtàn yìí, Victor Fries ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ GothCorp. Nora ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn tí kò gbóògùn, ó wá fi yìnyín gbé e pa mọ́ sínú àpótí gíláàsì, kó lè máa wá ìwòsàn fún un. Ọ̀gá rẹ̀, Ferris Boyle, ní owó ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń ná síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ náà. Wọ́n jà, Boyle ta á nípàá sáàárín kẹ́míkà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọdún kọjá, wọ́n wá ń fún Boyle yìí kan náà ní àmì ẹ̀yẹ pé aláàánú èèyàn ni! Ó lójú ẹni tí inú ò ní bí.

Ohun tó jẹ́ kó wọni lára ni ohùn. Michael Ansara ló fọ̀ fún Freeze, kò pariwo, kò sunkún, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ti sin ọkàn rẹ̀. Bí àwa tá à ń wò ó bá fẹ́ sunkún, ọwọ́ wa ló kù sí. Àwọn tó ṣe é ò sì gbàgbé àwàdà: òtútù ń mú Batman lálẹ́ ọjọ́ náà, Alfred fún un ní ọbẹ̀ adìẹ gbígbóná nínú fúláàsì, ọbẹ̀ yẹn gan-an ló fi fọ́ gíláàsì orí Freeze. Ọbẹ̀ adìẹ o! Ìṣẹ́jú bí ogún lé díẹ̀ ni gbogbo ìtàn náà. Dini gba àmì ẹ̀yẹ Emmy lórí rẹ̀, àwọn oníkọ́míìkì sì gba Nora wọlé. Ní 1997, Dini fúnra rẹ̀ kọ ìwé kọ́míìkì kan tó ń jẹ́ Batman: Mr. Freeze láti fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀.

Ọdún 1997 yẹn náà ni fíìmù Batman & Robin jáde. Joel Schumacher darí rẹ̀, Arnold Schwarzenegger ṣe Freeze. Nora wà níbẹ̀ nínú gíláàsì rẹ̀, àìsàn wà níbẹ̀, àmọ́ gbogbo ìgbà tí ọkùnrin náà bá la ẹnu, ẹ̀fẹ̀ lórí yìnyín àti òtútù ló máa jáde. Ìtàn kan náà ni wọ́n mú, wọ́n kàn pa ìdákẹ́jẹ́ inú rẹ̀ ni. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Géèmù ló tún un ṣe. Rocksteady ní ìlú London gbé Batman: Arkham City jáde ní 2011, Maurice LaMarche ló fọ̀ fún Freeze. Àìsàn ń pa Batman lọ, Freeze ló lè po oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní dandan kí Batman kọ́kọ́ lọ gba Nora wá lọ́wọ́ Joker. Ni ìjà bá dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbá géèmù yìí mọ ohun tí mò ń sọ: ọgbọ́n tó o bá lò lẹ́ẹ̀kan, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Tó o bá gba abẹ́ ilẹ̀ yọ sí i, ó máa fi yìnyín dí ibẹ̀ pa. Tó o bá bẹ́ sílẹ̀ láti òkè, òkè náà dì nìyẹn. Ìwọ tó o di páàdì mú lò ń rí i pé onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ló wà níwájú rẹ, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ. Fíìmù lè sọ fún wa pé ọkùnrin kan gbọ́n. Géèmù yìí mú ká sá fún ọgbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn ìjà, ó ní kí o jọ̀wọ́ bá òun wá ìyàwó òun. Kò pọn dandan. O lè gbójú fò ó, kí o máa bá géèmù lọ. Ó dọwọ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn. Láti 1992, ta ló bi Nora léèrè? Obìnrin tá a gbé sínú gíláàsì, tá à ń tìtorí rẹ̀ pààyàn, kò sọ gbólóhùn kan. Ní 2012, Scott Snyder àti James Tynion IV kọ ọ́ nínú Batman Annual pé Nora kì í tilẹ̀ ṣe ìyàwó Fries. Wọ́n ti gbé e pa mọ́ sínú yìnyín tipẹ́, Fries kàn ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀ kó sí i lórí. Ẹni tó bá fẹ́ràn Heart of Ice lè sọ pé wọ́n ba ìtàn jẹ́. Lójú tèmi, ohun tó fara pa mọ́ sínú rẹ̀ látilẹ̀ ni wọ́n tú síta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tú u pẹ̀lú ipá. Nígbà tó di 2019 wọnú 2020, Peter Tomasi jí Nora dìde nínú Detective Comics. Obìnrin náà gbé ìbọn tirẹ̀, ó di ọ̀daràn tó le ju Freeze lọ, ó sì kẹ̀yìn sí ọkùnrin tó jí i.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù wà nínú géèmù, nínú àfikún tí wọ́n ṣe fún Arkham Knight ní òpin 2015. Nora jí. Fries fẹ́ kó padà sínú yìnyín títí oògùn yóò fi jáde. Ó ní rárá, ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù fún òun, òun fẹ́ lò ó lójú ayé, lọ́dọ̀ ọkọ òun.