Apá Ajubọ́ọ̀lù: Bí Iṣẹ́ Rẹ̀ Ṣe Yí Padà Nínú Bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Nínú eré bésíbọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ajubọ́ọ̀lù ni òpó tí ó gbé ilé ró. Orí òkìtì kékeré kan láàrin pápá ni ó máa ń dúró sí, tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù sí agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kejì tí ó fi igi dúró dè é. Abala 9 ni eré kan ní; nínú abala kọ̀ọ̀kan, ajubọ́ọ̀lù kò ní ìsinmi títí a ó fi lé agbábọ́ọ̀lù 3 kúrò. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ eré ni ó ń parí rẹ̀. Lóde òní, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ kì í sábà wà lórí òkìtì nígbà tí eré bá parí. Àwọn kan rí èyí, wọ́n ní ọ̀lẹ ni ó wọ inú eré náà. Àwọn mìíràn ní àánú ni. Ìbéèrè tí ó yẹ kí á bi ìtàn ni pé: ǹjẹ́ iṣẹ́ apá ajubọ́ọ̀lù dínkù ní tòótọ́, àbí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọ̀n ọ́n ni ó ń tàn wá jẹ?

Ní 1879, Will White ti ẹgbẹ́ Cincinnati ju abala 680 ní sáà kan ṣoṣo. Títí di òní, kò sí ẹni tí ó tíì kọjá rẹ̀. Ní 1884, Charles Radbourn ti ẹgbẹ́ Providence parí eré 73 fúnra rẹ̀. Ajubọ́ọ̀lù méjì ni ẹgbẹ́ náà gbójú lé. Nígbà tí Charlie Sweeney tí í ṣe èkejì kúrò láàrin sáà, Radbourn gbé ẹrù ẹni méjì lé orí ara rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì borí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ bí wọ́n ṣe ń jù ú nígbà náà. Ẹsẹ̀ bàtà 50 péré ni ìwọ̀n ibi tí ajubọ́ọ̀lù dúró sí. Ọdún 1884 náà ni National League sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé kí apá kọjá èjìká. Ní 1893, wọ́n sún ajubọ́ọ̀lù sẹ́yìn dé ẹsẹ̀ bàtà 60 àti íǹṣì 6, ibẹ̀ ni ó sì wà di òní. Láti ọdún náà, kò sí ẹni tí ó tún ju abala 500 ní sáà kan.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ṣì pọ̀. Láàrin 1890 sí 1911, Cy Young bẹ̀rẹ̀ eré 815, ó sì parí 749 nínú wọn. Báwo ni apá ẹlẹ́ran ara ṣe gba irú èyí? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé Christy Mathewson, Pitching in a Pinch, tí ó jáde ní 1912. Ohun tí ìwé náà fi yé ni pé ajubọ́ọ̀lù ọlọ́gbọ́n kì í lo gbogbo agbára rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó ń fi díẹ̀ pamọ́ de ìgbà tí ewu bá dé. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé bọ́ọ̀lù àkókò náà rọ̀, ó dọ̀tí, ó sì ṣòro láti gbá kọjá ògiri pápá. Kì í ṣe pé èyí gba gbogbo wọn là. Ed Walsh ti Chicago ju abala 464 ní 1908. Lẹ́yìn 1912, apá rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ mọ́, kò sì tíì ju ẹni ọdún 32 lọ.

Ọdún 1920 ni oríta. Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, Leon Cadore ti Brooklyn àti Joe Oeschger ti Boston ju abala 26 láìsí arọ́pò, eré náà sì parí ní ọ̀mì, 1 sí 1. Ọdún kan náà ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í ka fífi itọ́ ra bọ́ọ̀lù léèwọ̀. Ní oṣù Kẹjọ, bọ́ọ̀lù ba Ray Chapman lórí, ó sì kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tètè pààrọ̀ bọ́ọ̀lù tí ó bá dọ̀tí. Babe Ruth gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri ní ìgbà 54 ní sáà náà. Agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan wá di ewu, àyè ìfagbára-pamọ́ sì ń dínkù.

Àwọn akọni ṣì wà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje 1963, Juan Marichal àti Warren Spahn, ẹni ọdún 42, kojú ara wọn fún abala 16 kí Willie Mays tó fi ìgbá kan parí rẹ̀. Sandy Koufax parí eré 27 ní 1965, ó tún parí 27 ní 1966. Làkúrègbé ti wọ ìgúnpá rẹ̀; ó fi eré sílẹ̀ ní ẹni ọdún 30, nígbà tí kò sí ẹni tí ó dára jù ú lọ. Dọ́là 125,000 ni owó rẹ̀ ní sáà ìkẹyìn náà.

Nǹkan méjì yí ọ̀rọ̀ padà lẹ́yìn náà. Ní 1974, dókítà Frank Jobe mú iṣan láti ara Tommy John, ó fi í rọ́pò èyí tí ó já ní ìgúnpá rẹ̀. John padà sórí òkìtì ní 1976, ó sì jù ú títí di 1989. Ní oṣù Kejìlá 1975, onílàjà Peter Seitz dá ẹjọ́ pé ẹgbẹ́ kò lè máa di eléré mú títí láé. Láti ìgbà náà ni owó apá ti ń ga, ẹni tí ó sì ra ohun lọ́wọ́n kì í lò ó bí ohun ọ̀fẹ́. Ajubọ́ọ̀lù 5 wá ń gba iṣẹ́ tí ẹni 4 ń ṣe. Steve Carlton ni ó ju abala 300 kẹ́yìn, ní 1980. Fernando Valenzuela ni ó parí eré 20 kẹ́yìn, ní 1986.

Àwọn olùṣirò tún fi hàn pé bí agbábọ́ọ̀lù bá pàdé ajubọ́ọ̀lù kan náà lẹ́ẹ̀kẹta nínú eré kan, ó sábà máa ń gbá a dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí èyí, ní eré kẹfà World Series 2020, olùdarí ẹgbẹ́ Tampa Bay yọ Blake Snell kúrò lẹ́yìn tí ó ju bọ́ọ̀lù 73 péré, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń léwájú. Arọ́pò rẹ̀ kò lè dì í mú. Los Angeles ni ó gba ife. Ní 2022, gbogbo eré tí àwọn ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ 30 parí fúnra wọn kò tó 40, bẹ́ẹ̀ ni Radbourn nìkan parí 73.

Bí abala bá jẹ́ òṣùwọ̀n iṣẹ́, a jẹ́ pé ìgbà ìsinmi ni a wà yìí. Ṣùgbọ́n apá kò mọ abala. Agbára tí ó ń fà á ni ó mọ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé abala 5 ni òun yóò jù kò ní ohun tí yóò fi pamọ́. Ní 2008, bọ́ọ̀lù tí ó yára jù ń sáré bí máìlì 91 ní wákàtí kan ní ìpíndọ́gba; ní 2024, ó ti tó 94. Ní 2019, ẹgbẹ́ New York fi dọ́là mílíọ̀nù 324 gba Gerrit Cole fún ọdún 9; ní 2025, iṣẹ́ abẹ ìgúnpá gba gbogbo sáà rẹ̀. Ìjábọ̀ tí Major League Baseball fúnra rẹ̀ gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2024 tọ́ka sí ìlépa eré sísá bọ́ọ̀lù àti jíjù ú pẹ̀lú gbogbo agbára gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ń fa ìpalára.

Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Wọ́n dín abala kù kí apá má bàa já; dídín tí wọ́n dín in kù sì fi àyè sílẹ̀ láti na apá kọjá ibi tí a ń nà án dé tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń wo àgbà, wọ́n sì ń tọ ipa wọn. Iṣẹ́ abẹ tí a kọ́kọ́ ṣe fún àgbà eléré ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ girama. Láti 2014 ni ìlànà ti wà pé ọmọ ọdún 9 tàbí 10 kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù ju 75 lọ lọ́jọ́ kan. Ìlànà náà dára, ṣùgbọ́n iye ni ó ń kà. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáàbò bo apá ọmọ náà gbọ́dọ̀ kíyèsí bí ó ṣe ń fi agbára jù ú pẹ̀lú, kí ó sì kọ́ ọ ní ohun tí Mathewson mọ̀ ní 1912: pé agbára tí a kò tíì lò náà jẹ́ ara iṣẹ́.