Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Tí Wọn Ò Kà Mọ́ Èyí Tó Le



Ní sáà tó kọjá, nígbà tí wọ́n lẹ ètò ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ mọ́ ara ògiri, àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá dúró tì í pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. À ń kà á níkọ̀ọ̀kan: "Àwọn wọ̀nyí le. Àwọn tibí yìí, ọ̀mì ni. Àwọn tọ̀hún, ẹran ìjẹ ni." Àwọn tí a pè ní ẹran ìjẹ yìí gan-an ló fi ayò méjì sí òdo lé wa kúrò nínú ìdíje. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin wa: kí ló ń mú kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan le? Ṣé orúkọ alátakò ni, àbí ohun mìíràn wà níbẹ̀? Àríyànjiyàn yìí ló gbé wa dé inú ìtàn bọ́ọ̀lù àwọn fásitì Amẹ́ríkà, níbi tí irú iyàn báyìí ti dà bí ọdún ìbílẹ̀. Kò sí ọdún tí wọn kì í jà á.

Ẹ jẹ́ ká tètè là á pé bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa. Bọ́ọ̀lù tirẹ̀ ṣe ṣóńṣó lápá méjèèjì, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré. Ẹgbẹ́ tó bá gbé e kọjá ìlà alátakò gba àmì 6. Èyí tó bá fẹsẹ̀ gbá a gba àárín òpó méjì kọjá gba àmì 3. Ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ọdún 1869 ni Rutgers àti Princeton gbá èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní àkọ́kọ́ láàrin fásitì méjì, Rutgers sì borí pẹ̀lú 6 sí 4, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ìgbà náà sún mọ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ju ti òde òní lọ. Láti ibẹ̀ ló ti di nǹkan ńlá. Pápá ìṣeré fásitì Michigan ní ìlú Ann Arbor, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1927, ń gba èèyàn tó ju 100,000 lọ. Ti fásitì kan ṣoṣo nìyẹn o, kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè.

Ìdí tí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ fi ń gbé ètò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹ̀wò bí ẹni ń wo Ifá kò ṣòro láti mọ̀. Láti ọdún 2006, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12 péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá kí ìdíje ìparí sáà tó dé. Àwọn fásitì tó wà ní ìpele òkè lé ní ọgọ́rùn-ún, gbogbo wọn kò lè pàdé ara wọn. Nítorí náà, ìbò ni wọ́n máa ń fi mọ ẹni tó dára jù tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1936 ni iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press ti ń gba ìbò àwọn akọ̀ròyìn láti to àwọn ẹgbẹ́ tẹ̀lé ara wọn. Láti ọdún 1998 títí di ìparí sáà 2013, ẹgbẹ́ méjì péré ni ìbò àti kọ̀ǹpútà máa ń mú lọ sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá. Ẹgbẹ́ tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè má débẹ̀ mọ́. Ẹ wá rí i pé tí olólùfẹ́ Michigan bá ń béèrè nínú oṣù kẹjọ pé "èwo ló le jù nínú méjìlá yìí?", ọ̀rọ̀ gbogbo ọdún ló ń bi.

Ọdún 2007 ni a fẹ́ tẹnu mọ́. Lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, Michigan kò pàdánù rárá títí ó fi di ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá, nígbà tí ó lọ bá Ohio State, ọ̀tá rẹ̀ àtayébáyé. Ohio State wà ní ipò kìíní, Michigan wà ní ipò kejì. Ọjọ́ kan ṣáájú rẹ̀ ni Bo Schembechler, àgbà kóòṣì Michigan tí gbogbo wọn ń júbà fún, kú. Ohio State borí pẹ̀lú 42 sí 39. USC tún wá nà wọ́n ní 32 sí 18 nínú ìdíje Rose Bowl. Ìyẹn dùn wọ́n wọ egungun. Chad Henne tó ń darí eré, Mike Hart tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré àti Jake Long tó ń dí ọ̀nà fún wọn ìbá ti lọ gba owó ní líìgì ńlá, àmọ́ wọ́n dúró fún ọdún kan sí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé, wọn kò tíì borí Ohio State rí, wọn kò sì tíì borí nínú ìdíje ìparí sáà kankan. Ìbò fi Michigan sí ipò karùn-ún kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá gbé ètò ọdún náà sójú, orúkọ ńlá ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bà lé. Notre Dame wà níbẹ̀. Penn State wà níbẹ̀. Wọ́n máa lọ bá Wisconsin nílé, Ohio State ló sì máa kẹ́yìn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, èyí tó ṣáájú gbogbo rẹ̀, orúkọ tó wà níbẹ̀ ni Appalachian State.

Fásitì yìí wà ní ìlú Boone, láàrin òkè ní North Carolina. Ìpele kejì ni ẹgbẹ́ wọn ń gbá nígbà náà. Òfin ìgbà náà gba Michigan láàyè láti fún agbábọ́ọ̀lù 85 ní owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Ti Appalachian State kò gbọdọ̀ ju 63 lọ. Michigan san 400,000 dọ́là fún wọn kí wọ́n tó wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí ìyẹn. Àṣà ibẹ̀ ni pé fásitì ńlá á sanwó fún èyí tó kéré kí ó wá jẹ ìyà nílé wọn, èyí tó kéré á fi owó náà tọ́jú eré ìdárayá tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún ẹni tó máa nà án.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Boone kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn ló gba ife ẹ̀yẹ ìpele tiwọn ní 2005 àti 2006. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Lójú èèyàn tó lé ní 109,000, Michigan ló kọ́kọ́ gba àmì. Kò pẹ́ tí Dexter Jackson gba bọ́ọ̀lù tó sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lọ sójú ìlà, yáàdì 68. Armanti Edwards tó ń darí eré wọn kò ṣeé mú. Bí wọ́n bá sáré tọ̀ ọ́, á ti yọ́ lọ, bí wọ́n bá dúró dè é, á ju bọ́ọ̀lù gba orí wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa lọ sinmi, 28 sí 17 ni, Appalachian State ló sì ń lé iwájú. Michigan ta jí ní abala kejì. Ìgbà méjì ni wọ́n dójú ìlà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ àfikún àmì 2 dípò 1 tó rọrùn, ìgbà méjèèjì ni ọwọ́ wọn sì tẹ òfo. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀, Hart gbé bọ́ọ̀lù sáré yáàdì 54, Michigan sì bọ́ síwájú pẹ̀lú 32 sí 31. Gbogbo pápá hó yèè.

Julian Rauch gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 26. 34 sí 32. Henne ju ọ̀kan gígùn sí Mario Manningham, Michigan sì sún mọ́ ibi tí wọ́n ti lè gbá àmì 3. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá 6. Wọ́n gbá a. Corey Lynch fò sókè, ó fi ara dí i, ó gbé e, ó sì ń sáré lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó parí.

Kò sí ẹgbẹ́ ìpele kejì tó ti nà ẹgbẹ́ tó wà nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìbò àwọn akọ̀ròyìn rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ní Boone, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya wọ pápá tiwọn, wọ́n hú òpó ayò, wọ́n sì gbé e lọ sí iwájú ilé ọ̀gá àgbà fásitì. Associated Press yọ Michigan kúrò nínú 25 tó ṣáájú pátápátá, wọ́n sì tún yí òfin wọn padà kí ẹgbẹ́ ìpele kejì náà lè máa rí ìbò gbà.

Kí ló fà á? Àwọn kan ní ìgbéraga ni. A kò sọ pé kò sí níbẹ̀, àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn tó ń ka ètò ọdún 2007 ń fi Michigan ti 2006 ṣe òṣùwọ̀n. LaMarr Woodley, Leon Hall, David Harris àti Alan Branch, òpómúléró àwọn tó ń ṣọ́ ilé, ti lọ sí líìgì ńlá. Appalachian State sì ń gbá irú bọ́ọ̀lù tó ń tú àwọn èèyàn ká sórí pápá, tí yóò fi ẹsẹ̀ yíyá wá àlàfo. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ Michigan. Ẹ̀rí rẹ̀ kò pẹ́ kí ó tó dé: lọ́sẹ̀ kejì, Oregon tó ń gbá irú bọ́ọ̀lù kan náà wá sí Ann Arbor, ó nà wọ́n ní 39 sí 7.

Lẹ́yìn náà ni Notre Dame dé, orúkọ ńlá tó ń ba èèyàn lẹ́rù. Michigan nà án ní 38 sí 0. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta péré ni Notre Dame borí lọ́dún náà nínú méjìlá. Michigan borí lẹ́ẹ̀mẹ́jọ tẹ̀léra kí Wisconsin àti Ohio State tó tún nà wọ́n. Kí a má parọ́, àwọn olólùfẹ́ kò ṣìnà pátápátá: àwọn méjì tí wọ́n bẹ̀rù ní ìparí sáà le lóòótọ́. Henne, Hart àti Long kò borí Ohio State títí wọ́n fi jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n borí Florida ní 41 sí 35 nínú ìdíje Capital One Bowl, ọjọ́ kìíní ọdún 2008, èyí tí ọ̀pọ̀ kò retí. Lloyd Carr, kóòṣì wọn, fi ìyẹn dágbére fún iṣẹ́.

Ibi tó dùn mọ́ wa jù nínú ìtàn yìí kò sí nínú ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí Appalachian State nà Michigan, wọ́n lọ bá Wofford, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní South Carolina. Wofford nà wọ́n, 42 sí 31. Ẹni tó wó ilé ńlá tún kọsẹ̀ lára òkúta kékeré. Síbẹ̀, wọ́n padà gba ife ẹ̀yẹ tiwọn lẹ́ẹ̀kẹta tẹ̀léra.

Gbogbo ọdún náà ló rí bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù kẹwàá, Stanford tí kò sẹ́ni tó kà á sí lọ nà USC nílé, 24 sí 23. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá, West Virginia kò nílò ju kí ó borí Pittsburgh lọ kí ó tó lọ sí àṣekágbá. Pittsburgh borí, 13 sí 9. Kóòṣì West Virginia, Rich Rodriguez, ni Michigan wá gbà láti rọ́pò Carr. LSU tó gba ife ẹ̀yẹ náà pàdánù lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà á.

Ní báyìí, iyàn tiwa. Àwọn kan nínú wa ní ìtàn yìí fi hàn pé kíka ètò kò wúlò, pé kí èèyàn kàn máa gbá èyí tó wà níwájú. Àwa yòókù kò gbà. Ẹni tí kò bá wo iwájú kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó tọ́jú agbára. Àṣìṣe àwọn ará Ann Arbor kò sí nínú pé wọ́n ka ètò. Orúkọ ni wọ́n kà, wọn kò ka bọ́ọ̀lù. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ara wọn ni: ta ló ń gbá irú bọ́ọ̀lù tí àwa kò mọ bí a ṣe ń dí? Ta ló ku díẹ̀ káàtó fún wa láti ọdún tó kọjá? Ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀ ìbá ti fi bírò yí Appalachian State po, kó tó dé Notre Dame.

Bóyá wọ́n ti gbàgbé náà ni. Ní ọdún 2022, Michigan lágbára gan-an. Ọmọ tó ń jẹ́ Olúṣẹ́gun Olúwatímì, orúkọ tí kò ṣòro fún àwa láti pè, wà láàrin ìlà iwájú wọn, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Outland àti Rimington lọ́dún kan náà. Wọ́n nà Ohio State nílé rẹ̀, 45 sí 23. Wọ́n ní èyí tó le jù ti kọjá. TCU tí wọ́n rò pé àwọn máa gba ibẹ̀ kọjá lọ sí àṣekágbá ló nà wọ́n ní 51 sí 45.

Ètò ìdíje tiwa yóò tún jáde láìpẹ́. A ti fẹnu kò: kí a tó fi bírò kan orúkọ ẹnikẹ́ni, èèyàn méjì nínú wa yóò kọ́kọ́ lọ dúró létí pápá ní ìrọ̀lẹ́, wọn yóò wo bí wọ́n ṣe ń gbá a. Àwọn tó lé wa lọ́dún tó kọjá ni wọn yóò kọ́kọ́ lọ wò.