Ẹ Má Kánjú Ẹ̀gẹ́: Ìtàn Àìsàn Tó Ń De Ẹsẹ̀ Ènìyàn

Èmi náà ni, Tàǹtí yín tó ń bá yín sọ̀rọ̀ ìlera lórí rédíò.

Lọ́jọ́ kan, bí ètò wa ṣe ń parí lọ, ìyá kan pè wá lórí fóònù. Ó ní, "Tàǹtí, wọ́n ní gàrí ń ba ẹsẹ̀ ènìyàn jẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Gàrí yìí náà ni mo fi ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi o." Mo dá a lóhùn ní ṣókí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí a lè sọ ní ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí. Kí àyà yín má bàa já, ẹ gbọ́ ìdáhùn ná: gàrí tí a ṣe bí àwọn ìyá wa ṣe kọ́ wa kì í ba ẹsẹ̀ jẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ìkánjú ṣe ni kí a bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí àwọn dókítà ṣe mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ìtàn ni, ó sì gùn díẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ tí à ń jẹ lójoojúmọ́ yìí, àlejò ni nílẹ̀ wa. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ìsàlẹ̀, níbi tí Bràsíìlì wà, ni àwọn Potogí ti gbé e wá sí Áfíríkà ní nǹkan bí irínwó ọdún ó lé sẹ́yìn. Àwọn tó kọ́kọ́ ń gbìn ín lọ́hùn-ún ti mọ̀ pé oró wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ ọ́: wọ́n á rin ín, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á sì yan án. Nílẹ̀ tiwa níbí, ọ̀pọ̀ onítàn ló gbà pé àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì, tí wọ́n padà wálé sí Ouidah, Porto-Novo àti Èkó láàárín ọdún 1800 sí 1900, ni wọ́n tan iṣẹ́ gàrí kálẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: igi ẹ̀gẹ́ lè tètè dé ìlú kan, kí ìmọ̀ tó yẹ kó bá a rìn má tíì dé.

Kí ni oró náà? Sáyánáìdì ni wọ́n ń pè é. Ó wà nínú ewé ẹ̀gẹ́, ó wà nínú iṣu rẹ̀, ó sì pọ̀ jù nínú èyí tó korò. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá ṣì wà lódindi, oró náà dì mọ́ ibi tó wà. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́ náà, tàbí tó bá rọ̀ nínú omi, ohun mìíràn tó wà nínú ẹ̀gẹ́ náà fúnra rẹ̀ á tú oró yẹn sílẹ̀. Díẹ̀ á bá omi lọ, díẹ̀ á fẹ́ lọ bí atẹ́gùn, iná àti oòrùn á lé ìyókù. Àmọ́ gbogbo èyí ń gba àkókò. Ara wa náà lè lé díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù jáde, ṣùgbọ́n ohun tó fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn, inú ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà ló ti ń rí i. Ẹni tí kò bá rí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ jẹ, oró díẹ̀ á dà bíi púpọ̀ lára rẹ̀.

Ní ọdún 1938, dókítà ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Trolli, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, kọ̀wé nípa àìsàn kan ní agbègbè Kwango. Ènìyàn á sùn láìní nǹkan kan, á jí láàárọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á ti le gan-an, kò ní lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní konzo. Ní èdè wọn, ìyẹn ni ẹsẹ̀ tí a dè. Ọmọdé tó ti kúrò lẹ́nu ọmú àti àwọn obìnrin tó ṣì ń bímọ ló ń mú jù. Kì í ranni. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, kì í le sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àmọ́ kì í lọ. Ẹlòmíràn á máa fi ọ̀pá kan rìn, ẹlòmíràn á máa fi méjì, ẹlòmíràn kò ní lè dìde rárá.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tó lè sọ pàtó ohun tó fà á. Lẹ́yìn náà ni ti Mòsáńbíìkì wá ṣẹlẹ̀, ní 1981. Ọ̀dá dá ní agbègbè Nampula. Àwọn irúgbìn yòókù kú, ẹ̀gẹ́ kíkorò ló kù nínú oko. Tẹ́lẹ̀, àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa sá ẹ̀gẹ́ sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gún un. Ṣùgbọ́n ta ni ebi ń pa ọmọ rẹ̀ tí yóò ní kó dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Wọ́n ń jẹ ẹ́ kó tó gbẹ, kò sì sí ẹja tàbí ẹ̀wà tí wọn yóò fi tì í. Àwọn dókítà ka ènìyàn 1,102 tí ẹsẹ̀ wọn bàjẹ́ nínú ọ̀dá yẹn. Ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, obìnrin àti ọmọdé ni. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn aláìsàn wò, wọ́n sì rí àmì oró ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Ìtàn kejì ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọlọ́jà gbọ́ dáadáa. Ní Bandundu, ní Kóńgò kan náà, ọ̀dá kọ́ ló dá. Ọjà ló dé. Wọ́n la títì ọlọ́dà lọ sí olú-ìlú, Kinshasa, àwọn oníbàárà sì ń wá ra ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá. Àwọn obìnrin tó máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún òru mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́yìn òru kan, kí wọ́n lè tètè tà. Àwọn náà ń jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí Thorkild Tylleskär àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ìwádìí níbẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, òru méjì tí wọ́n gé kúrò yẹn ni wọ́n rí nídìí konzo tó ń jà níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá mi, àwa náà ní títì ọlọ́dà, èyí tó gba Savalou àti Bantè kọjá lọ sí Djougou. Gbogbo ayé ló mọ gàrí Savalou. Àwọn oníbàárà ń pe àwa náà lórí fóònù pé, "Ó dà? Ọkọ̀ ti ń dúró o."

Lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá ti Nàìjíríà ńkọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, tó jẹ́ dókítà àìsàn iṣan àti ọpọlọ ní Ìbàdàn, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1968 nípa àìsàn mìíràn tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn Ìjẹ̀bú. Eléyìí kì í dé lójijì bíi konzo. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wá: àtẹ́lẹsẹ̀ á máa jó ènìyàn, ìrìn á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ojú á máa ṣú, etí á máa di. Osuntokun ní ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ ló fà á. Ní ọdún 2000, Oluwole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde láti Ososa, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Nínú 100 ènìyàn tó ti pé ọdún mẹ́wàá sókè, bí 6 ló ní àìsàn náà, tí ti obìnrin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ọkùnrin. Àmọ́ ní 2002, Oluwole tún rí ìlú mìíràn tí oró ẹ̀gẹ́ pọ̀ lára àwọn ènìyàn rẹ̀, tí àìsàn yìí kò sì pọ̀ níbẹ̀. Torí náà, lórí ti Ìjẹ̀bú, àríyànjiyàn ṣì wà láàárín àwọn dókítà. Lórí konzo ni wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan: oró ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe jinná, pẹ̀lú àìrí oúnjẹ tó ń gbé ara ró jẹ.

Ìwádìí mìíràn kan àwọn ọmọ. Ní 2013, Boivin ará Amẹ́ríkà àti Tshala-Katumbay, dókítà ọmọ Kóńgò, tẹ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Kahemba jáde. Wọ́n dán ọpọlọ àwọn ọmọ tó ní konzo wò, wọ́n sì dán ti àwọn ọmọ tó ń bá wọn gbé agbègbè kan náà wò, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le koko. Kódà àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò ní nǹkan kan yìí kò ṣe dáadáa tó àwọn ọmọ ìlú tí konzo kò sí. Ìyẹn ni pé oró náà lè máa ṣe ọmọ níbi tí ojú ìyá rẹ̀ kò tó.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Howard Bradbury, onímọ̀ kan ní Ọsirélíà, rí ọgbọ́n kékeré kan fún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́: ẹ po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi kó rọ̀, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lórí ẹní tàbí àwo ńlá, kó fẹ́lẹ́, ẹ fi sóòrùn fún wákàtí méjì, tàbí sábẹ́ ibòòji fún wákàtí márùn-ún. Oró tó ṣẹ́kù á fẹ́ lọ. Lọ́jọ́ yẹn náà ni kí ẹ rò ó. Láti 2010 ni àwọn obìnrin abúlé Kay Kalenda ní Kóńgò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀, ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ṣọ́ wọn, konzo kò mú ẹnì kankan mọ́. Oògùn kọ́ o. Omi, oòrùn àti sùúrù ni.

Kí wá ni kí a ṣe nílé wa?

Èkíní, ẹ̀gẹ́ tí ẹ bá rin, ẹ jẹ́ kó sùn nínú àpò fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó kan, kí ẹ fún omi rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì yan án kó gbẹ. Èyí tí ẹ bá rẹ fún láfún, kó pé òru mẹ́ta, kó rọ̀, kó tó kúrò nínú omi. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé máa jẹ ẹ̀gẹ́ tútù nínú oko, àgàgà èyí tó korò.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí ọmọ jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ata nìkan. Ẹ̀wà ìkòkò kékeré kan, ẹja gbígbẹ díẹ̀, ẹyin kan tí ẹ pín sí méjì, gbogbo rẹ̀ ló ń ran ara lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, bí ọmọ kan bá jí tí kò lè rìn mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Yálà ẹsẹ̀ náà le tàbí ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ó lè jẹ́ àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ tètè mọ̀ kó má bàa mú ọmọ mìíràn. Ẹ má kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn kiri.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má sọ pé àjẹ́ ló ṣe é, ẹ má sì sọ pé ìyá rẹ̀ ló dẹ́ṣẹ̀. Àwọn àgbà wa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹni òrìṣà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ fi í sí ilé-ìwé, ẹ kọ́ ọ níṣẹ́, ẹ jẹ́ kó jókòó sọ́jà kó máa ka owó. Ẹsẹ̀ ni wọ́n dè, wọn kò de orí.

Ìyá tó pè wá lọ́jọ́ yẹn, mo mọ̀ pé o máa gbọ́ eléyìí, tàbí kí ọmọ rẹ kà á fún ọ. Máa yan gàrí rẹ lọ. Bí oníbàárà bá ní kó o yára, sọ fún un pé ẹ̀gẹ́ náà ṣì ń sùn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òru méjì tí àwọn obìnrin Bandundu gé kúrò, wọ́n rí owó díẹ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ kò sí iye tí ènìyàn lè fi ra ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ padà.