"Lè" àti "Gbọ́dọ̀": Ìtàn Ìwé Àṣẹ Ìbọn Ìléwọ́ ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Òfin a máa dúró lórí ọ̀rọ̀ kékeré. Bí òfin bá sọ pé aláṣẹ lè fún ènìyàn ní nǹkan, ọwọ́ aláṣẹ ni agbára wà: ó lè fún un, ó sì lè ṣàì fún un, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Bí òfin bá sọ pé aláṣẹ gbọ́dọ̀ fún un, agbára ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ń tọrọ. Láísẹ́ńsì kẹ̀kẹ́ tí àwọn baba wa ń gbà nígbà ìjọba òyìnbó jẹ́ ti irú kejì yìí. Ẹni tí ó bá ti sanwó, tirẹ̀ ti délé. Ìwé àṣẹ láti máa gbé ìbọn ìléwọ́ kiri ní Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe òfin tirẹ̀ lórí rẹ̀, "lè" ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn òfin náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí "lè" yìí ṣe fún àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ náà ní láti wo ìpínlẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún dáadáa.

Òfin tí ó lókìkí jù nínú wọn ni ti New York. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1910, ọkùnrin kan tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìlú yìnbọn lu olórí ìlú New York, William Gaynor, nínú ọkọ̀ ojú omi tí ó fẹ́ wọ̀ lọ sí Yúróòpù. Gaynor kò kú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọta ìbọn náà wà lọ́fun rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1913. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1911, ẹlòmíràn tún yìnbọn pa David Graham Phillips, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ àti akọ̀ròyìn, ní ọ̀sán gangan lẹ́bàá Gramercy Park, ó sì fi ìbọn kan náà pa ara rẹ̀. Igbe ta nígboro. Aṣòfin ìpínlẹ̀ kan, Timothy Sullivan, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Tim Ńlá, gbé àbá òfin kan kalẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i lọ́dún 1911 náà. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí yóò bá ní ìbọn ìléwọ́ tí ó ṣeé fi pamọ́ sára ní láti gba ìwé àṣẹ, ìbáà jẹ́ inú ilé ni yóò fi í sí. Ẹni tí ó bá sì gbé e jáde láìgbàṣẹ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Àtúnṣe ọdún 1913 ni ó wá fi òǹtẹ̀ lé e: adájọ́ lè fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ láti máa gbé ìbọn kiri bí onítọ̀hún bá jẹ́ oníwà rere tí ó sì ní ìdí tí ó tọ́.

Ta ni oníwà rere? Ìdí wo ni ó tọ́? Òfin kò sọ. Ọlọ́pàá tàbí adájọ́ tí ìwé bá dé iwájú rẹ̀ ni yóò wo ojú ẹni tí ó wá. Kò yẹ kí a gbàgbé pé àsìkò náà ni àwọn ará Ítálì àti àwọn Júù láti ìlà-oòrùn Yúróòpù ń rọ́ wọ New York ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí àwọn ìwé ìròyìn sì ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ pé àwọn àlejò wọ̀nyí ni ó kó ìwà ipá wọ̀lú. Ará Ítálì kan ni ẹni àkọ́kọ́ tí a fi òfin náà sẹ́wọ̀n. Ọdún kan ni wọ́n dá fún un ní Sing Sing. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá sọ pé ìkórìíra àlejò nìkan ni ó bí òfin Sullivan kò sọ òtítọ́ tán. Òkú tí wọ́n ń gbé nígboro kì í ṣe àròsọ, ọ̀pọ̀ aráàlú ni ó sì fẹ́ òfin náà tọkàntọkàn.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà jìn ju ti New York lọ. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní ọdún 1865, tí àwọn ẹrú sì di òmìnira, àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù yára ṣe òfin tí yóò dá òmìnira náà dúró lẹ́sẹ̀ kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ìpínlẹ̀ Mississippi ṣòfin pé ẹrú tí ó ti di òmìnira, tí kì í ṣe ọmọ ogun ìjọba, kò gbọdọ̀ ní ìbọn irú èyíkéyìí, kò gbọdọ̀ ní ẹ̀tù tàbí ọ̀bẹ ńlá, àfi bí ìgbìmọ̀ agbègbè rẹ̀ bá fún un ní ìwé àṣẹ. Àwọn òyìnbó tí ó jẹ́ ọ̀gá wọn tẹ́lẹ̀ ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ dìde sí irú òfin wọ̀nyí. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú jáde ní 1866, àtúnṣe kẹrìnlá sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè sì wọlé ní 1868. Ó sọ pé ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ fi ààbò òfin tí ó dọ́gba du ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, aṣòfin kò lè kọ "ènìyàn dúdú" sínú òfin ìbọn mọ́. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n kọ "ẹnikẹ́ni", wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún aláṣẹ.

Florida ni àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba jù. Ní ọdún 1893, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tí yóò bá gbé ìbọn gígùn alátúnyìn, irú bíi Winchester, ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ agbègbè, kí ó sì fi onídùúró lélẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìdúró ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ní ọdún 1901 wọ́n fi ìbọn ìléwọ́ kún un. Bí a bá ka òfin náà lórí ìwé, kò sí àwọ̀ ara kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún dọ́là nígbà náà kì í ṣe owó tí alágbàṣe lè rí onídùúró fún. Àsìkò náà gan-an sì ni àwọn òṣìṣẹ́ dúdú ń wọ́ lọ sí Florida láti fa oje igi páìnì àti láti gé gẹdú nínú igbó. A kì í tíì di èèkù idà mú kí a máa bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí tí a ti fi ọgbọ́n gba ìbò lọ́wọ́ wọn kò ní ibi tí wọn yóò ti bi òfin náà léèrè.

Ó ku díẹ̀ kí ó pé àádọ́ta ọdún kí ẹnìkan láàárín àwọn aláṣẹ tó sọ òkodoro rẹ̀. Ní ọdún 1941, ẹjọ́ ẹnìkan tí wọ́n bá ìbọn ìléwọ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní Florida. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, Rivers Buford, kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ní kí a gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ dúdú ni wọ́n ṣe ṣòfin náà, pé kò sí ẹni tí ó ní i lọ́kàn rí pé kí ó mú àwọn òyìnbó. Ó tilẹ̀ fojú bù ú pé nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin òyìnbó tí ń gbé ìgbèríko Florida, ó ju ọgọ́rin lọ tí ó ti rú òfin náà láìsí ẹni tí ó mú wọn. Olùkọ́ ìtàn tí ó bá ń wá ẹ̀rí nípa bí òfin ṣe lè dọ́gba lẹ́nu kí ó sì wọ́ lọ́wọ́, kò ní láti wá a jìnnà. Ọwọ́ adájọ́ ni ó ti wá, adájọ́ náà sì jẹ́ òyìnbó ìpínlẹ̀ gúúsù.

Ẹni tí ìtàn yìí kàn tí gbogbo ayé mọ̀ jù ni Martin Luther King. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 1955, àwọn ènìyàn dúdú Montgomery, olú-ìlú Alabama, kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì ìlú mọ́ nítorí ìyàsọ́tọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. King, ọ̀dọ́mọkùnrin olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Dexter Avenue, ni wọ́n fi ṣe olórí. Lẹ́tà ìhàlẹ̀ ń wọlé, tẹlifóònù ń dún lóru. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1956, nígbà tí King wà ní ìpàdé, wọ́n ju bọ́ǹbù sí iwájú ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Coretta, àti Yolanda, ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, wà nínú ilé. Ọlọ́run ni ó yọ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú kó ara jọ síwájú ilé náà pẹ̀lú ìbínú, àwọn mìíràn mú ohun ìjà lọ́wọ́. King dúró níwájú ilé tí ó bàjẹ́ náà, ó ní kí wọ́n padà sílé.

Lẹ́yìn èyí ni King lọ bá ṣẹ́rífù, olórí àwọn agbófinró agbègbè náà, láti tọrọ ìwé àṣẹ kí ó lè máa gbé ìbọn sínú ọkọ̀ rẹ̀. Òfin Alabama nígbà náà sọ pé ṣẹ́rífù lè fún ẹni tí ó bá ní ìdí gidi láti bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ ṣe òun tàbí dúkìá òun ní jàǹbá, bí onítọ̀hún bá jẹ́ ẹni yíyẹ. Bọ́ǹbù ti dún. Àpá rẹ̀ wà lára ilé. Bí èyí kò bá jẹ́ ìdí láti bẹ̀rù, ó ṣòro láti mọ ohun tí àwọn tí ó kọ òfin náà ń rò. Wọn kò fún un.

Ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ níbí, nítorí àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń pa wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé King fi ìbọn sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1958 nípa ìjà Montgomery, pé òun àti ìyàwó òun jíròrò, tí òun sì wá rí i pé olórí ìjà tí kò lọ́wọ́ ipá nínú kò lè máa fi ìbọn ṣọ́ ilé ara rẹ̀. Ìpinnu ọkàn rẹ̀ nìyẹn. Èkejì ni pé ìjọba fi ìwé àṣẹ dù ú. Èyí kì í ṣe ìpinnu rẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá fi ti àkọ́kọ́ bo ti èkejì mọ́lẹ̀ ti gba ṣẹ́rífù lọ́wọ́ ẹjọ́ tí ó yẹ kí ó jẹ́.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1957, Eleanor Roosevelt, opó ààrẹ àná, gba ìwé àṣẹ ìbọn ìléwọ́ tirẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York. Òun náà ní ọ̀tá láàárín àwọn tí kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú gba ẹ̀tọ́, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù. "Lè" kan náà ni ó wà nínú òfin méjèèjì.

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí yí padà díẹ̀díẹ̀. Ìpínlẹ̀ Washington ti sọ "lè" di "gbọ́dọ̀" láti ọdún 1961, ṣùgbọ́n òfin Florida ti ọdún 1987 ni àwọn ìpínlẹ̀ yòókù wò ṣe: ẹni tí ó bá ti dàgbà tó, tí kò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn, tí ó kọ́ bí a ṣe ń lo ìbọn, tí ó tẹ̀ka, tí ó sì sanwó, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un. Bí ọdún ti ń lọ, ìpínlẹ̀ 43 gba ọ̀nà yìí. Mẹ́fà péré ni ó di "lè" mú ṣinṣin, New York sì wà lára wọn. Níbẹ̀, àwọn ilé-ẹjọ́ ti túmọ̀ ìdí tí ó tọ́ ní ọdún 1980 pé ẹni tí ń tọrọ ní láti fi hàn pé ewu tí ó wà lórí òun ju ti aráàlú yòókù lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń gbé àdúgbò tí ìbọn ti ń dún lóròòru kò ní ìdí, nítorí pé ewu tirẹ̀ kò ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà. Ní 2008, ilé-ẹjọ́ náà sọ pé aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn ìléwọ́ nínú ilé. Ní 2010, nínú ẹjọ́ Otis McDonald, bàbá àgbàlagbà dúdú kan ní Chicago tí olè ń dààmú, ó sọ pé ẹ̀tọ́ náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ó wá fagi lé "ìdí tí ó tọ́" ti New York, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta. Clarence Thomas, ènìyàn dúdú tí a bí ní Georgia, ni ó kọ ìdájọ́ náà. Ó ní kò sí ẹ̀tọ́ mìíràn nínú ìwé òfin tí aráàlú ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìdí tí òun fi nílò rẹ̀. Adájọ́ Stephen Breyer takò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òkú: ènìyàn 45,222 ni ìbọn pa ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020 nìkan.

Àwọn ènìyàn dúdú kò sí lápá kan nínú ẹjọ́ yìí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná. Àwọn agbẹjọ́rò dúdú tí ń gbèjà tálákà ní Bronx àti Brooklyn kọ̀wé sí ilé-ẹjọ́ pé kí wọ́n fagi lé òfin Sullivan, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin dúdú àti àwọn tí ń sọ èdè Spéènì ni wọ́n ń fi kún ẹ̀wọ̀n. Àwọn agbẹjọ́rò dúdú mìíràn kọ̀wé pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí pé òkú dúdú ni ó pọ̀ jù nígbà tí ìbọn bá pọ̀ nígboro. Ìhà méjèèjì ń sunkún lórí òkú ilé kan náà, kò sì sí èyí tí ó parọ́.

New York kò túúbá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ṣe òfin mìíràn: ẹ̀kọ́ wákàtí 16 nínú yàrá ìkàwé àti wákàtí 2 níbi ìdánwò ìyìnbọn, ẹlẹ́rìí mẹ́rin sí ìwà ẹni, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lójúkojú. Ìwà rere ṣì wà nínú rẹ̀, ẹnìkan sì ṣì ní láti pinnu ẹni tí ó ní i. Lọ́wọ́ kejì, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti kọjá "gbọ́dọ̀" lọ síbi tí kò sí ìwé rárá. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, wọ́n ti tó 29.

Alabama wà lára wọn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ẹni tí òfin kò bá kà á léèwọ̀ fún láti ní ìbọn kò nílò ìwé àṣẹ láti máa gbé ìbọn ìléwọ́ kiri ní Montgomery, nínú ọkọ̀ tàbí lábẹ́ aṣọ. Àwọn ṣẹ́rífù ṣì ń fún ẹni tí ó bá fẹ́ ní ìwé náà, nítorí pé ó wúlò fún ẹni tí ń rìnrìn-àjò lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn.