Ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà, Òfin Ìlú àti Oyún Ṣíṣẹ́: Àríyànjiyàn Ọdún 1984 ní Amẹ́ríkà

Ó máa ń rọrùn láti da gbogbo gbajúmọ̀ ọmọ Ìjọ Àgùdà tí ohùn wọn kò bá ti Ìjọ mu lórí oyún ṣíṣẹ́ pọ̀ sójú kan, kí a sì pè wọ́n ní alátakò. Èrò tí a gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá ìtàn mu. Ọdún 1984 ní Amẹ́ríkà ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé láàárín oṣù díẹ̀ péré ni ìtakò oríṣiríṣi hàn síta, tí ohun tí ó gbẹ̀yìn wọn kò sì dọ́gba rárá.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà, nínú ẹjọ́ Roe àti Wade, sọ oyún ṣíṣẹ́ di ẹ̀tọ́ tí òfin ìlú dáàbò bò. Ìdájọ́ náà múlẹ̀ títí di ọdún 2022 tí ilé ẹjọ́ kan náà fi wọ́gi lé e. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù kò fara mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ọ̀ràn náà kọ́kọ́ ká mọ́ ni Fadá Robert Drinan, ọmọ ẹgbẹ́ Jẹ́súìtì, tí ó ń ṣojú àwọn ará Massachusetts nílé aṣòfin láti ọdún 1971. Ní ọdún 1980, àṣẹ ti Róòmù wá pé kò gbọdọ̀ du ipò náà mọ́. Ó gbọ́ràn, ó sì kúrò.

Ní ọdún 1984 ni John O'Connor di Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ní New York. Nínú oṣù Kẹfà, ó sọ fún àwọn oníròyìn pé òun kò rí bí ọmọ Ìjọ ṣe lè fi ẹ̀rí ọkàn rere dìbò fún ẹni tí ó ń ṣe alátìlẹ́yìn oyún ṣíṣẹ́ ní gbangba. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ òṣèlú Dẹmọkirátíìkì fa Geraldine Ferraro kalẹ̀ fún ipò igbákejì Ààrẹ. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ ńlá kan fà kalẹ̀ fún ipò náà, ọmọ Ìjọ Àgùdà sì ni. Ní ọdún 1982, ó ti fọwọ́ sí lẹ́tà kan tí ó sọ pé ìhà tí Àgùdà kọ sí oyún ṣíṣẹ́ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. O'Connor fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ṣi ẹ̀kọ́ Ìjọ sọ. Bí a bá wò ó dáadáa, ohun tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ń sọ ni ohun tí Ìjọ fi ń kọ́ni. Ohun tí obìnrin náà ń sọ ni ohun tí àwọn tí a ń kọ́ gbà gbọ́. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án, Mario Cuomo, Gómìnà New York, sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Notre Dame. Kò ta ko ẹ̀kọ́ náà o. Ó ní òun àti aya òun gbà á. Ohun tí ó ń bèèrè ni bóyá dandan ni kí ẹ̀kọ́ Ìjọ di òfin ní ilẹ̀ tí àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ pọ̀ lóríṣiríṣi. Ó rán wọn létí bí òfin tí ó ka ọtí léèwọ̀ ṣe forí ṣánpọ́n, àti bí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà kò ṣe jà fún ìparẹ́ oko ẹrú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àlàyé náà jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ti ń jò. Cuomo yìí kan náà kọ̀ léraléra láti fọwọ́ sí àbá òfin ìdájọ́ ikú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ń fẹ́ ẹ. Níbẹ̀, kò dúró kí ohùn ìlú ṣọ̀kan kí ó tó tẹ̀lé ọkàn rẹ̀.

Ìtakò tí ó kan ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ wáyé ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá, nígbà tí ènìyàn 97 fọwọ́ sí ìkéde kan nínú ìwé ìròyìn New York Times pé èrò tí ó tọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀kan lọ láàárín àwọn Àgùdà. Àwọn sístà wà lára wọn, wọ́n lé ní ogún. Kí ọdún tó parí, Róòmù ti pàṣẹ pé kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí a lé wọn kúrò nínú ẹgbẹ́ wọn. Àwọn tí ó pọ̀ jù bá Róòmù parí rẹ̀. Barbara Ferraro (kì í ṣe ẹbí Geraldine) àti Patricia Hussey, tí wọ́n ń tọ́jú àwọn aláìnílé ní Charleston, West Virginia, kọ̀ jálẹ̀. Ní ọdún 1988, wọ́n fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Nítorí náà, lójú tiwa, kì í ṣe bí ìtakò ṣe wúwo tó nìkan ni ó pinnu ìyà, bí kò ṣe bí ọwọ́ Ìjọ ṣe tó ẹni náà. Fadá àti sístà ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìgbọràn. Inú ẹgbẹ́ ni oúnjẹ wọn àti ibùsùn wọn wà. Olóṣèlú, ẹ̀wẹ̀, ọwọ́ olùdìbò ni tirẹ̀ wà. Ferraro fìdí rẹmi nínú ìbò ọdún 1984, ṣùgbọ́n a kò lè di ìyẹn ru ọ̀rọ̀ oyún nìkan, nítorí ìpínlẹ̀ 49 ni Reagan kó. Wọ́n tún Cuomo yàn ní 1986 àti 1990. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 1990 náà ni O'Connor, tí ó ti di Kádínà, kìlọ̀ pé olóṣèlú tí ó bá ń ti oyún ṣíṣẹ́ lẹ́yìn lè fojú winá ìyọkúrò nínú Ìjọ. Kò yọ Cuomo.