Ọlọ́pàá Tó Di Ọ̀gá Òṣèré

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn lóṣù yìí, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, wá bá mi nílé ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan. Bó ti dọ̀bálẹ̀ kí mi tán, ó yọ lẹ́tà lápò. Lẹ́tà tó fẹ́ fi kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, bàtà rírán ló wà lẹ́mìí mi. Ọ́fíìsì ti sú mi." Kì í ṣe ìmọ̀ràn ló wá gbà o! Gẹ̀ẹ́sì inú lẹ́tà náà ló ní kí n bá òun tún ṣe, torí pé èmi ni oníwèé-ìròyìn inú ẹbí.

Mo gba lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n n kò tíì kà á. Ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ bàbá mi tó ti dolóògbé, àti sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí bàbá mi kì í yé dárúkọ: Hubert Ògúńdé.

Ọlọ́pàá ni bàbá mi. Ó wọṣẹ́ ní 1957, ó sì fẹ̀yìn tì ní 1990. Ṣùgbọ́n agídìgbo ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bó bá ti iṣẹ́ dé, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní bárékè, tó ń ta á, àwọn èèyàn á pé lé e lórí. Bí rédíò bá sì gbé orin Ògúńdé sáfẹ́fẹ́, á ní, "Ọlọ́pàá bíi tèmi ni ọkùnrin yìí o!" Lẹ́yìn náà, á dákẹ́ lọ gbári. Ọmọdé ni mí, n kò mọ ohun tó wà nídìí ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Òótọ́ sì ni bàbá mi sọ. Ní 1916 ni wọ́n bí Ògúńdé sí Òsósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá tó bí i, ṣùgbọ́n láti kékeré ni ọmọ náà ti ń tẹ̀lé eégún alárìnjó kiri. Nígbà tó dàgbà, ó ṣe tíṣà, ó sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1941, ó wọṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn, wọ́n sì gbé e lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ní 1943. Nígbà ayé òyìnbó, iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Owó oṣù wà níbẹ̀, iyì wà níbẹ̀. Eléré ńkọ́? Alágbe ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é.

Ní 1944, Ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó, Church of the Lord, ní kó bá àwọn ṣe eré láti fi kó owó jọ. Ó kọ The Garden of Eden and the Throne of God. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n ṣe é ní Glover Memorial Hall. Èrò wọ́ tìrítìrí, eré náà sì dùn mọ́ wọn nínú.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Ògúńdé kò kọ iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì! Aṣọ ọlọ́pàá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó kọ eré mìíràn, tó tún kọ òmíràn lé e. Ó ń wò ó bóyá àwọn èèyàn á tún sanwó wá wòran. Ní 1945, ó dá ẹgbẹ́ African Music Research Party sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1946, tó gbé Tiger's Empire jáde, ó ti bọ́ aṣọ ọlọ́pàá, ó sì ti ń san owó iṣẹ́ fún àwọn tó ń bá a ṣeré.

Ó wá obìnrin tí yóò máa ṣeré, kò rí, torí pé òbí wo ni yóò fọmọ fún eléré? Ló bá tún kéde nínú ìwé ìròyìn pé akọ̀wé obìnrin lòun ń wá. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wá, ó sì kọ́ wọn léré. Nígbà tó yá, kí àwọn ẹbí má baà fà wọ́n kúrò, ó fẹ́ púpọ̀ nínú wọn.

Kò dẹrùn o. Strike and Hunger, tó dá lórí ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò 1945, bí ìjọba nínú, wọ́n sì fòfin dè é ní Jọ́ọ̀sì ní 1946. Bread and Bullet, lórí àwọn awakùsà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní 1949, kó o sí wàhálà ní Kánò. Ní 1964, Yorùbá Ronú mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀, ó di 1966 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó ti jẹ́ ọlọ́pàá wá di ẹni tí ọlọ́pàá ń ṣọ́. Síbẹ̀, kò padà sẹ́yìn. Ó bọ́ sídìí sinimá: Àiyé jáde ní 1979, Jáíyésinmi ní 1980. Títí ó fi kú ní 1990, iṣẹ́ tó fẹ́ràn ló ń jẹ.

Kì í sì í ṣe òun nìkan. Tíṣà ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládiípọ̀. Wolé-wolé ni Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá.

Èmi náà, akọ̀wé ni mo jẹ́ ní ilé ìlagi lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá. Lábẹ́ àtùpà ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn fún ọdún méjì, láìgba kọ́bọ̀, kí wọ́n tó gbà mí. Bàbá mi ní tirẹ̀ ń dúró de ìfẹ̀yìntì. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọmọ tán." Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé agídìgbo lé itan, ó ta á díẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀. Ó ní, "Ìka ti le." Kò tún gbé e mọ́ títí ó fi kú.

Mo ka lẹ́tà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo tún gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe. Mo ní, "Fi í sábẹ́ àpótí. Rán bàtà lálẹ́, rán an ní Sátidé. Bí owó bàtà bá ti tó gbọ́ bùkátà oṣù mẹ́ta léraléra, gbé e fún ọ̀gá rẹ."

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, tó bá wá pẹ́ jù ńkọ́?"

Mo nawọ́ sí agídìgbo bàbá mi tó wà lára ògiri. Ó mọ ìtàn rẹ̀. Mo ní, "Má jẹ́ kó pẹ́ jù."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà kò gbọdọ̀ di ọmọ náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Ohun gbogbo ló ti pé nínú lẹ́tà náà báyìí. Déètì nìkan ló kù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ ọ́ sí i.