Ìtàn Àpapọ̀ àti Ọ̀wọ́ Ìtàn Nínú Kọ́míìkì Amẹ́ríkà: Ọwọ́ Ta Ni Àṣẹ Wà?

Ẹ̀dà 87 ìwé X-Factor, tí déètì ara èèpo rẹ̀ jẹ́ oṣù kejì ọdún 1993, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìjà kankan nínú. Doc Samson, oníṣègùn ọpọlọ, jókòó sí yàrá kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ X-Factor sì ń wọlé tọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Quicksilver, tí eré rẹ̀ yá ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ṣàlàyé ìdí tí òun kì í fi í ní sùúrù. Ó ní kí dókítà ronú nípa ìgbà tó bá tò sẹ́yìn ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní báńkì. Ó ní bí gbogbo ọjọ́ ayé òun ṣe rí nìyẹn. Peter David ló kọ ọ́, Joe Quesada ló yà á. Nínú gbogbo kọ́míìkì X-Men ìgbà náà tí mo kà, n kò rí èyí tó wọ inú ọkàn ẹ̀dá-ìtàn tó o.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀dà 84, 85 àti 86 kì í ṣe ti X-Factor nìkan. Ara X-Cutioner's Song ni wọ́n, ìtàn alápá 12 tí wọ́n pín sínú ìwé mẹ́rin, mẹ́ta-mẹ́ta: Uncanny X-Men, X-Factor, X-Men àti X-Force. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó yìnbọn lu Ọ̀jọ̀gbọ́n Xavier, olùdásílẹ̀ X-Men, àti ibi tí ọ̀rọ̀ já sí, àfi kó ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. David fi ẹ̀dà 87 tún ìtàn rẹ̀ tò, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀dà 89 ó fi ìwé náà sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé bí ìtàn ẹlòmíràn ṣe ń já lu tòun lemọ́lemọ́ wà lára ohun tó lé òun lọ.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìtàn àpapọ̀ ni mo ń pe ìtàn tó kó àwọn akọni tí kálukú wọn ní ìwé tirẹ̀ jọ sójú kan, tí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé sì fẹ́ kí òǹkàwé máa tọ̀ ọ́ láti ìwé kan dé òmíràn. Ọ̀wọ́ ìtàn ni ìwé tó ń jáde lóṣooṣù, tó ní òǹkọ̀wé tirẹ̀ àti èrò tirẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí ogójì ọdún tí àwọn olólùfẹ́ kọ́míìkì ti ń jiyàn bóyá ti àkọ́kọ́ ń gbé èkejì ga ni tàbí ó ń pa á lára. Ní tèmi, àṣẹ ló ń pinnu rẹ̀. Ta ló láṣẹ lórí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dá-ìtàn, ta ló sì láṣẹ lórí ohun tí yóò gbẹ̀yìn rẹ̀? Níbi tí òǹkọ̀wé ọ̀wọ́ bá ti di àṣẹ kejì yẹn mú, ọ̀wọ́ rẹ̀ sábà máa ń jèrè, kódà bí kì í bá ṣe òun ló dá ìtàn àpapọ̀ náà sílẹ̀.

Kì í ṣe òní ni àwọn akọni ti ń pàdé. Ní 1940, Human Torch àti Sub-Mariner kojú ara wọn nínú Marvel Mystery Comics. Lọ́dún kan náà, Justice Society kóra jọ nínú ẹ̀dà 3 All Star Comics. Ní 1963, Justice League àti Justice Society bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ara wọn lálejò lọ́dọọdún. Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: tó bá ti parí, kálukú a padà sílé, ọ̀wọ́ rẹ̀ a sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọdún 1984 ni nǹkan yí padà. Jim Shooter, ọ̀gá àgbà àwọn olóòtú ní Marvel, kọ Secret Wars, alápá 12, nítorí pé ilé-iṣẹ́ Mattel fẹ́ ṣe ohun ìṣeré ọmọdé tó ní ìrísí àwọn akọni Marvel. Nínú ìwé tiwọn, àwọn akọni náà lọ, wọ́n sì dé láàárín oṣù kan. Ṣùgbọ́n odindi ọdún kan ni òǹkàwé yóò fi ka Secret Wars kó tó mọ gbogbo ohun tí ojú wọn rí níbẹ̀. Spider-Man dé pẹ̀lú aṣọ dúdú nínú ẹ̀dà 252 Amazing Spider-Man. The Thing kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ padà. She-Hulk ló gba ipò rẹ̀ nínú Fantastic Four.

Ìtàn tí ọjà bí ni Secret Wars, kò sí àníàní. Síbẹ̀ John Byrne, tó ń kọ Fantastic Four nígbà náà, mọ ohun tó lè fi She-Hulk ṣe, aṣọ dúdú yẹn náà ló sì bí Venom nínú ẹ̀dà 300 Amazing Spider-Man ní 1988. Nítorí náà, n kò fara mọ́ àwọn tó ń dá ìtàn lẹ́bi nítorí pé owó ló wà nídìí rẹ̀.

Owó náà ní bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ kọ́míìkì Amẹ́ríkà ti kúrò lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn bọ́ sí ilé ìtajà tó jẹ́ ti kọ́míìkì nìkan, onísọ̀ọ̀bù kò lè dá ìwé tí kò tà padà fún atẹ̀wé. Oṣù bíi méjì ṣáájú ló sì ti gbọ́dọ̀ sọ iye ẹ̀dà tó fẹ́. Ọkàn rẹ̀ a balẹ̀ lórí ìtàn tí wọ́n bá ti polówó pé ó kan gbogbo ayé Marvel tàbí ti DC. Ìwé kékeré tó dá dúró ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà á. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ìtàn àpapọ̀ lórí èèpo fi lè gbé iye tí wọ́n béèrè sókè lójijì. N kò fojú kéré èyí, torí ọ̀wọ́ tí wọ́n ti ń gbèrò láti pa lè rí oṣù díẹ̀ sí i lò. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá nítorí àlejò máa ń bá àlejò lọ. Ẹni tó ti ń ra ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Yóò ṣí i, yóò bá ogun tí kò mọ ìdí rẹ̀ níbẹ̀, ìdáhùn tó ti ń retí láti oṣù tó kọjá yóò sì ti sún síwájú. Bí wọ́n bá wá di ọ̀wọ́ náà pọ̀ sí odindi ìwé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ihò yẹn á ṣì wà níbẹ̀.

Nínú gbogbo ọ̀wọ́ tí ìtàn àpapọ̀ ti pa lára, ti Legion of Super-Heroes ló dùn mí jù. Ní 1958, nínú ẹ̀dà 247 Adventure Comics, ọ̀dọ́ mẹ́ta láti ẹgbẹ̀rún ọdún níwájú wá wá Superboy, ìyẹn Superman nígbà tó ṣì wà léwe, nítorí pé òkìkí rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe. Orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀wọ́ náà dúró lé fún ọdún tó lé ní 25. Nígbà tí Marv Wolfman àti George Pérez parí ìtàn àpapọ̀ Crisis on Infinite Earths ní 1986, DC ní kí John Byrne tún ìtàn Superman kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ti Byrne, Superman kò wọ aṣọ akọni rí nígbà tó wà lọ́mọdé. Superboy kò sí mọ́. Kí wá ni Legion fi di Legion?

Paul Levitz, tó ń kọ Legion, kò lè ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ní 1987, òun àti Byrne pín ìtàn kan láàárín Legion, Superman àti Action Comics láti fi ṣàlàyé pé Superboy tí Legion mọ̀ wá láti inú ayé kékeré kan tí ọ̀tá wọn, Time Trapper, dá fúnra rẹ̀. Superboy yẹn kú nínú ìtàn náà. Ìtàn tó ń bani nínú jẹ́ ni, wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n gbèsè tí ọ̀wọ́ mìíràn jẹ ni Legion ń san. Àtúnṣe kò tán níbẹ̀: ní 1994, lẹ́yìn ìtàn àpapọ̀ Zero Hour, DC pa gbogbo ìtàn Legion rẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ìtàn àpapọ̀ kan náà, Crisis, ló sì ṣe Wally West lóore. Barry Allen, tó ń jẹ́ Flash, kú nínú rẹ̀, Wally, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, gba orúkọ náà, ìwé tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Láti 1992, Mark Waid sọ ọ́ di ìtàn ọ̀dọ́kùnrin tó ń bẹ̀rù pé òun kò ní tó ẹni tí òun jogún rẹ̀. Òfo tó kù lẹ́yìn ikú Barry di ti Wally láti kún. Wọ́n fún un láyè láti bẹ̀rẹ̀; Legion ní tirẹ̀, àlẹ̀mọ́ ni wọ́n ní kó máa lẹ̀.

Ìwé Captain America fi ìyàtọ̀ yìí hàn lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì mọ ẹ̀rí tó lágbára jù ú lọ. Ní 1995, Waid yìí kan náà àti ayàwòrán Ron Garney gba ìwé náà láti ẹ̀dà 444. Akọni tí ọ̀pọ̀ ti ń wò bí ẹni àtijọ́ tún ní ẹ̀mí. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìtàn àpapọ̀ Onslaught dé. Marvel fi í kó àwọn Avengers àti Fantastic Four kúrò nílẹ̀, ó sì gbé ìwé mẹ́rin fún Jim Lee àti Rob Liefeld láti máa ṣe níta ilé-iṣẹ́. Ẹ̀dà 454 ni Waid àti Garney parí sí, ẹ̀dà 11 péré. Ọ̀wọ́ tuntun tí Liefeld bẹ̀rẹ̀ lò tó ọdún kan. Ní 1998, Marvel fúnra rẹ̀ tún pe Waid àti Garney padà láti bẹ̀rẹ̀ Captain America lọ́tun. Ta ni yóò dá àwọn oṣù tó sọnù láàárín padà fún wọn?

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ti Ed Brubaker. Láti 2005 ló ti ń hun ètekéte Red Skull, ọ̀tá Captain America, sínú ìwé náà. Civil War, ìtàn àpapọ̀ tí Mark Millar kọ tí Steve McNiven sì yà, parí ní 2007 pẹ̀lú Captain America tó fi ara rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́. Brubaker ló mú un dé orí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́ nínú ẹ̀dà 25, níbi tí wọ́n ti yìnbọn pa á, ó sì hàn lẹ́yìn náà pé ọwọ́ Red Skull wà nínú rẹ̀. Ikú náà dà bí àbájáde ogun àwọn akọni, ṣùgbọ́n inú àhunpọ̀ ìtàn Brubaker fúnra rẹ̀ ló ti jáde. Bucky Barnes, ọ̀rẹ́ Captain America àtijọ́, gbé apata rẹ̀ nínú ẹ̀dà 34. Kò sí ẹni tó lé Brubaker kúrò, kò sì sí ẹni tó kán an lójú.

Spider-Man kò rí irú àǹfààní yẹn nínú Civil War kan náà. Nínú ẹ̀dà 2 rẹ̀, ní 2006, ó ṣí ìbòjú níwájú àwọn akọ̀ròyìn, gbogbo ayé sì mọ̀ pé Peter Parker ni. Ohun ìyanu ni lójú ìwé Millar. Amazing Spider-Man ni ó kù tí yóò máa gbé ẹrù náà lóṣooṣù. Ẹrù ọ̀hún wúwo débi pé kí ọdún 2007 tó parí, Marvel ti ní kí Mephisto, ọba èṣù inú ìtàn wọn, pa ìgbéyàwó Peter àti Mary Jane rẹ́. Àṣírí tó tú náà sì padà di àṣírí. Ìgbéyàwó náà ti wà láti 1987. Lára ohun tí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ti ṣe sí àwọn òǹkàwé rẹ̀, èyí wà lára àwọn tí n kò lè fọwọ́ sí láéláé.

Ẹ jẹ́ ká yà sí ibi tí inú mi dùn sí. Ìtàn àpapọ̀ Mutant Massacre ti 1986 kò ní ìwé pàtàkì kan tó ń darí àwọn yòókù. Chris Claremont ń kọ Uncanny X-Men. Louise Simonson ń kọ X-Factor àti Power Pack. Ọkọ rẹ̀, Walter Simonson, ń kọ Thor, òun náà ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya X-Factor nígbà náà. Àwọn tó mọ ara wọn, tí méjì nínú wọn ń gbé abẹ́ òrùlé kan, ló jọ pète rẹ̀. Nígbà tí Thor wọ inú ihò àwọn Morlock, ìyẹn àwọn tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀, láti gba Angel, ọmọ ẹgbẹ́ X-Factor, sílẹ̀, ègún tí Hela, òrìṣà ikú, fi sọ egungun rẹ̀ di ẹlẹgẹ́ ti wà lára rẹ̀. Ìjà tó jà níbẹ̀ ló jẹ́ kí ègún náà hàn kedere, ọ̀rọ̀ ègún yìí sì gba ẹ̀dà mélòó kan sí i. Ẹni tó bá ń ka Thor nìkan kò pàdánù ohunkóhun. Ẹni tó bá ń ka X-Factor nìkan náà rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyẹ́ Angel, ó sì rí bí ìyẹn ṣe yí i padà pátápátá.

Ohun mìíràn tí àwọn alárìíwísí kì í sọ tó ni pé etí ìtàn àpapọ̀ ni ohun rere ti sábà máa ń hù, níbi tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ òǹkọ̀wé. Ìtàn àpapọ̀ Bloodlines ti 1993 fi akọni tuntun kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ìwé ọdọọdún DC. Ọ̀pọ̀ wọn ti di ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ni Tommy Monaghan, tí Garth Ennis àti John McCrea dá sílẹ̀ nínú ìwé The Demon. Ọ̀wọ́ Hitman tirẹ̀ jáde láti 1996 sí 2001, ẹ̀dà 60. Annihilation, ìtàn àpapọ̀ tí Keith Giffen darí ní 2006, kó àwọn akọni ojú sánmà tí ọ̀pọ̀ kò kà sí jọ. Òun ló ṣí ọ̀nà fún ìwé Nova ní 2007 àti Guardians of the Galaxy ní 2008, kí ti sinimá tó dé ní 2014.

Ọ̀wọ́ tuntun tí wọ́n bá bí sínú ìtàn àpapọ̀ ló máa ń jìyà jù. Ẹ̀dà mẹ́rin àkọ́kọ́ Spider-Woman ti Dennis Hopeless, láti ìparí 2014, ti ìtàn àpapọ̀ Spider-Verse ni wọ́n. Ẹ̀dà 5 ni ìtàn tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ayàwòrán mìíràn àti aṣọ tuntun. Ní ẹ̀dà 10, Secret Wars ti 2015 dé, ó sì tún pa á dé.

Àwọn ará ilé wa tó ń kọ kọ́míìkì náà ń sún mọ́ ìbéèrè yìí. Roye Okupe, tó kọ E.X.O., Malika àti Iyanu, fi àwọn akọni rẹ̀ sínú ayé kan ṣoṣo, bí ìgbà tí wọ́n gbé tilẹ̀ jìnnà síra. Ó jẹ́ kí kálukú wọn ní ìwé tirẹ̀ kó fẹsẹ̀ múlẹ̀, mo sì gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Lọ́wọ́ G. Willow Wilson ni mo ti rí bí òǹkọ̀wé ṣe lè gba ìtàn tí kò béèrè fún, kó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Ní 2016, ìtàn àpapọ̀ Civil War II wọ inú Ms. Marvel, ìwé Kamala Khan tí Wilson ń kọ, láti ẹ̀dà 8 sí 11. Carol Danvers, ìyẹn Captain Marvel, tí Kamala ti ń fi ṣe àwòkọ́ṣe láti kékeré, fẹ́ máa mú àwọn èèyàn kí wọ́n tó dáràn rárá, ó sì fi Kamala ṣe alábòójútó iṣẹ́ náà ní Jersey City. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni wọ́n tì mọ́lé. Bruno, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, fara pa níbi tó ti fẹ́ tú ọmọ náà sílẹ̀, ó bá a ṣọ̀tá, ó sì gbà láti lọ kàwé ní Wakanda. Wilson kò sáré wo ọgbẹ́ náà sàn. Nínú ẹ̀dà 12, Kamala wọ bàálù lọ sí Karachi, sílé àwọn ẹbí ìyá rẹ̀, kò sì mọ ẹni tí òun jẹ́ mọ́.